Ọdẹ, Ẹran Ìgbẹ́ àti Òfin

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ àgbà ti Múṣin, Yábàá àti Sùúrùlérè sọ

  A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ọjà wá tààrà, kò tí ì jẹun. Nítorí náà a kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa gùn jù.

Àwọn tí ó wà ní kíláàsì Múṣin ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn yóò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó: "Ọdẹ pa ẹtu." Gbólóhùn kúkúrú ni. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ẹ kà á, kí ẹ sì dà á kọ sínú ìwé yín. Ṣùgbọ́n kí a tó yíjú padà, ariwo ti sọ.

Bàbá Ọdẹ, tí wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ọdẹ kò gbọdọ̀ pa ẹtu mọ́. Ìjọba ti gba igbó."

Ìyá kan tí ó ń ta ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ dáhùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú o. Bí ẹ kò bá pa á, kí ni èmi yóò tà? Òwò yìí ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta ní ilé ìwé."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì wà ní ẹ̀yìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti pa wọ́n tán kí wọ́n tó bí èmi. Èmi kò rí ẹtu láàyè rí, àfi nínú àwòrán." Gbogbo kíláàsì dákẹ́.

Bàbá Ọdẹ wá kọjú sí wa. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹranko ti wá níyì ju ènìyàn lọ ni?"

A kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè àgbà ni. Kò yẹ kí a fi ẹnu lásán dáhùn rẹ̀. A ní kí wọ́n fún wa ní àyè. Ìdáhùn náà ni a mú wá lónìí.

ÌKOOKÒ ILẸ̀ AMẸ́RÍKÀ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí: ìjà yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Wọ́n ń jà á ní Amẹ́ríkà títí di òní. Ẹranko tí wọ́n ń jà lé lórí ni èyí tí Bíbélì Yorùbá pè ní ìkookò. Ẹ má rò pé ìkookò tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ ni, èyí tí ó máa ń fọ́ egungun jẹ lóru. Ti òyìnbó dàbí ajá ńlá. Wọ́n máa ń rìn lọ́wọ̀ọ́, wọn a sì lé ẹran títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ọgbà ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yellowstone. Ní ọdún 1872 ni ìjọba ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀. Láyé ìgbà náà, olè ni wọ́n ka ìkookò sí. Wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n dẹ tàkúté fún un, wọ́n fún un ní májèlé jẹ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1926, wọ́n ti pa á tán nínú ọgbà náà.

Ẹran ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó dàbí àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ púpọ̀. Elk ni òyìnbó ń pè é. Nígbà tí kò sí ìkookò mọ́, elk pọ̀ sí i. Inú àwọn ọdẹ dùn. Ṣùgbọ́n elk pọ̀ débi pé ó ń jẹ àwọn igi kéékèèké, kò jẹ́ kí wọ́n dàgbà.

Ní ọdún 1973, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí a dáàbò bo gbogbo ẹranko tí ó fẹ́ run. Ìkookò wà nínú wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1995, wọ́n kó ìkookò 14 wá sí Yellowstone láti ilẹ̀ Kánádà. Ní ọdún 1996, wọ́n tún kó 17 sí i.

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1994, elk tí wọ́n kà ní apá àríwá ọgbà náà lé ní 19,000. Ní ọdún 2013, iye tí wọ́n kà kò tó 4,000. Ìjọba dín ìwé àṣẹ tí ó ń fún àwọn ọdẹ ìtòsí ibẹ̀ kù. Àwọn ọdẹ kígbe pé, "Ẹ wò ó! Ìkookò ti jẹ ẹran wa tán." Àwọn tí ó fẹ́ràn ìkookò dáhùn pé kì í ṣe ìkookò nìkan. Wọ́n ní béárì wà níbẹ̀, òun náà ń jẹ ọmọ elk. Ọ̀dá wà. Àwọn ọdẹ fúnra wọn sì ń pa á. Wọ́n tún ní àwọn igi tí elk ń jẹ ti ń hù padà ní ibi púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀.

Àwọn darandaran náà ń sunkún màlúù àti àgùntàn wọn. Kí a tó kó ìkookò padà wá pàápàá ni ẹgbẹ́ kan tí ó fẹ́ kí ìkookò yè ti dá owó jọ. Láti ọdún 1987 títí di 2010, ẹgbẹ́ náà ń san owó fún darandaran tí ìkookò bá pa ẹran rẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú o, a ó padà sórí rẹ̀.

Ní ọdún 2011, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà mú ààbò náà kúrò lórí ìkookò ní ìpínlẹ̀ Montana àti Idaho. Àwọn ọdẹ tún ń pa á níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti dín ààbò ìkookò kù.

Ẹ ò rí i pé àwọn òyìnbó pàápàá kò tí ì parí ẹjọ́ yìí. Àwọn àgbà wa sì ní, agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé. Kí a gbọ́ ẹjọ́ ọdẹ, kí a sì gbọ́ ẹjọ́ ẹranko.

ẸJỌ́ ỌDẸ

Ọdẹ kì í ṣe ènìyàn kékeré ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdẹ ni ó kọ́kọ́ dé ibi tí a tẹ ọ̀pọ̀ ìlú wa dó sí. Ọdẹ ni ó ń ṣọ́ ìlú nígbà ogun. Níhìn-ín ní Èkó, ẹni tí a bá gbà láti ṣọ́ àdúgbò lóru, ọdẹ ni a ń pè é, bí kò tilẹ̀ ní ju fèrè àti tọ́ọ̀ṣì lọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìyà sì ni iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí a fi ń pa á lówe pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó bá ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ.

Òfin ẹranko kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1916 ni ìjọba òyìnbó ti ṣe òfin láti dáàbò bo ẹran ìgbẹ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ya igbó sọ́tọ̀. Ẹ wo Òkè-Ògùn àti agbègbè Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí ààfin àwọn Aláàfin wà láyé àtijọ́. Ní ọdún 1936, wọ́n ya igbó apá òkè Odò Ògùn sọ́tọ̀. Ní ọdún 1941, wọ́n ya igbó Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀. Ní ọdún 1952, wọ́n sọ igbó méjèèjì di igbó ẹranko. Ní ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ pa wọ́n pọ̀, ó sì sọ wọ́n di Old Oyo National Park. Ilẹ̀ náà lé ní 2,500 kìlómítà níbùú lóròó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá kan ní Múṣin, ẹ fi ojú inú wo bí ilẹ̀ yẹn ti fẹ̀ tó. Ìlú púpọ̀ ni ó yí i ká. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ọdẹ wà tí ó mọ igbó rẹ̀ bí ẹ ti mọ ojúlé yín. Ó mọ odò tí ẹtu ti ń mu omi. Ó mọ ihò tí òòrẹ̀ ń sùn sí. Igbó tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ń dẹ wá di ibi tí wọ́n ti lè mú un sí àtìmọ́lé.

Bàbá Ọdẹ sọ ti wọn fún wa. Igbó kan wà lẹ́bàá abúlé wọn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n bá pátákó tí a kàn mọ́ igi. Ìwé wà lára rẹ̀. Wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n wò ó lọ sókè, wọ́n wò ó lọ sílẹ̀, wọn kò mọ ohun tí ó wí. Wọ́n kọjá lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ọmọ ilé ìwé kan kà á fún wọn. Àṣé wọ́n ti di arúfin láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọjá pátákó náà. Wọ́n fi ìbọn kọ́ sára ògiri, wọ́n wá sí Èkó.

A kò lè sọ pé kò sí ìrora nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi í léèrè, tí a sì fi ìwé tí kò lè kà sọ fún un, a kò ṣe dáadáa sí i.

ẸJỌ́ ẸRANKO

Ṣùgbọ́n ẹranko náà ní ẹjọ́, bí kò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀.

Láyé àtijọ́, ìbọn ṣakabùlà ni ọdẹ ń lò. Bí ó bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, yóò tún jókòó kì í kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn. Ìwọ̀nba ẹran tí ó lè rù ni ó ń pa. Igbó òòṣà wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn nínú rẹ̀. Ìdílé wà tí ó jẹ́ pé èèwọ̀ wọn ni ẹran kan tàbí òmíràn. Ọdẹ àtàtà a sì máa ro ti ọ̀la kí ó tó yìnbọn lu abo tí ọmọ ń tẹ̀ lé. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin wà.

Lónìí ńkọ́? Ọdẹ de iná mọ́ iwájú orí, iná náà mú ojú ẹran ṣókùnkùn, kò lè sá. Ìbọn tí ó ń yìn léraléra dé. Ọ̀kadà ń wọ inú igbó lọ gbé ẹran. Àwọn mìíràn ń fi wáyà dẹ tàkúté kiri inú igbó, wọ́n sì ń gbàgbé òmíràn síbẹ̀. Wáyà kò mọ akọ, kò mọ abo, kò mọ aboyún. Ẹran tí ó kó sí i a jẹrà síbẹ̀ lásán.

Àwa ará Èkó kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni pé a kò mọ nǹkan kan. Ta ni ń jẹ ẹran náà? Ẹni tí ó wà ní abúlé ń pa á fún ọbẹ̀ tirẹ̀, ó ń tà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Èkó gbòòrò. Ilé ọtí ń fẹ́, ilé oúnjẹ ń fẹ́, àwọn tí ó ń lo awọ àti egungun fún oògùn ń fẹ́. Bí owó bá ń ti ìlú ńlá wọ inú igbó lójoojúmọ́, ẹran yóò máa ti inú igbó jáde lójoojúmọ́.

Ẹ wo ibi tí ó já sí. Kìnnìún tí a ń fi orúkọ rẹ̀ ki ọba, inú igbó méjì péré ni ó kù sí ní gbogbo Nàìjíríà: Kainji àti Yankari. Gbogbo wọn lápapọ̀ kò tó 50. Èrò inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Erin ṣì wà nínú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Èkó níhìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́. Erin kì í sì í jẹun lásán. Ó ń jẹ èso igi, ó ń gbé hóró rẹ̀ rìn, ó ń yà á sí ibòmíràn, igi tuntun a sì hù. Bí erin bá tán, igi mélòó kan yóò tẹ̀ lé e.

Nítorí irú èyí ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe òfin ní ọdún 1985, tí wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2016. Òfin náà ní orúkọ ẹranko lọ́nà méjì. Ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ ẹ́, kò gbọdọ̀ mú un, kò gbọdọ̀ tà á. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, àfi ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ. Ìtanràn rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré mọ́. Ó ti di ti mílíọ̀nù náírà.

TA NI YÓÒ SAN ÁN?

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ tí a ní kí ẹ dì mú. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí ó ní kí ìkookò yè ni ó san owó màlúù. Nǹkan mìíràn tún wà. Láti ọdún 1937, òfin wọn ni pé nínú owó ìbọn àti owó ọta tí ọdẹ bá rà, wọ́n á yọ owó kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko. Nítorí náà, ọdẹ ibẹ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá dá owó ọbẹ̀ lè sọ pé iyọ̀ kò tó.

Níbí ńkọ́? Ní agbègbè Ìmọ̀bí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin ti ń jáde wọ oko àwọn àgbẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Erin kan lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ ní òru kan. Bí a bá sọ fún àgbẹ̀ náà pé, "Má fọwọ́ kàn án, ọrọ̀ gbogbo wa ni," yóò bi wá pé, "Bí ó bá jẹ́ ọrọ̀ gbogbo yín, èéṣe tí ó fi jẹ́ oko èmi nìkan ni ó ń jẹ?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n nínú igbó Omo kan náà, a rí ohun tí ó dára. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, Nigerian Conservation Foundation ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí gba àwọn ọdẹ kan síṣẹ́, wọ́n sọ wọ́n di ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹni tí ó ti ń pa ẹran tẹ́lẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ báyìí. Ó mọ ipa ẹsẹ̀ erin. Ó mọ ọ̀nà tí olè ń gbà. Ìmọ̀ tí ó fi ń dẹ igbó náà ni ó fi ń ṣọ́ igbó, ó sì ń gba owó oṣù. Wọn kò pọ̀, igbó sì tóbi. Síbẹ̀, ọ̀nà nìyí.

ÌDÁHÙN WA

Ní báyìí, Bàbá Ọdẹ, ìdáhùn wa rèé. Rárá, Bàbá. Ẹranko kò níyì ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n igbó tí kò ní ẹran kò lè bọ́ ọdẹ. Ẹ̀yin fúnra yín sọ fún wa pé kí wọ́n tó kan pátákó yẹn rárá, ẹ ti ń sun inú igbó ní òru mẹ́ta kí ẹ tó rí ẹtu kan. Pátákó lé yín kúrò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹran ti ń kúrò ṣáájú yín.

A gbà pé ó tọ́ kí a dáàbò bo ẹranko. A kò gbà pé kí a ṣe é láìfi ti ọdẹ àti àgbẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá pàdánù nítorí ire gbogbo wa, ó yẹ kí gbogbo wa tù ú nínú, pẹ̀lú iṣẹ́ tàbí pẹ̀lú owó. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò padà wọ igbó lóru, òfin yóò sì di ìwé lásán.

Kí ni àwa tí a wà ní Múṣin, ní Yábàá àti ní Sùúrùlérè lè ṣe?

Èkíní: ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹran ìgbẹ́, ẹ mọ ohun tí ó wà nínú igbá yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá òfin de ẹran kan, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ wọn hàn yín, kí ẹ sì dà wọ́n kọ. Òfin kì í gba "n kò mọ̀."

Èkejì: òyà ṣeé sìn. Àwọn ènìyàn ń sìn ín nínú àgò ní ilẹ̀ wa báyìí, ó ń bímọ, wọ́n ń tà á. Ẹran òyà tí a sìn kì í ṣe ẹran olè.

Ẹ̀kẹta: ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́, ẹ má ra ẹran tí ẹni tí ó ń tà á ń fi aṣọ bò.

Ẹ̀kẹrin: ẹ kọ ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní abúlé tí igbó ìjọba wà, ẹ bá wọn kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé erin jẹ oko, pé ọdẹ ń wá iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹni tí kò bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a kọ ọ́, bí ó sì ti wù ú ni yóò kọ ọ́.

A fẹ́ sọ nǹkan kan sí i kí a tó jókòó. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, Bàbá Ọdẹ mú ìwé àjákọ wọn wá fún wa. Wọ́n ti kọ orúkọ ẹranko 24 sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Òru mẹ́rin ni wọ́n fi kọ ọ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ àdúgbò, lábẹ́ iná ẹnu ọ̀nà onílé kan. Wọ́n fa ilà sí abẹ́ 11 nínú orúkọ náà. A bi wọ́n pé kí ni ilà yẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ní, "Èyí ni àwọn tí èmi pa rí, tí ọmọ mi kò rí rí."

Ẹ̀yin náà, ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ ẹran ìgbẹ́ márùn-ún wá. Kí ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè èyí tí wọ́n ti rí láàyè nínú wọn. Èyí tí wọn kò bá rí, kí ẹ fa ilà sí abẹ́ rẹ̀.

 

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí elk ní Yellowstone nígbà tí kò sí ìkookò? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìkookò padà dé?
2. Dárúkọ ohun méjì tí ó yàtọ̀ láàárín ọdẹ àtijọ́ àti ọdẹ òde òní.
3. Igbó méjì wo ni kìnnìún kù sí ní Nàìjíríà?
4. Bí erin bá jẹ oko àgbẹ̀, ta ni ó yẹ kí ó san án? Kọ ìdáhùn rẹ ní gbólóhùn mẹ́ta.